Ṣẹ́ẹ̀tì Tí Kò Dọ̀tí

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìbínú Bàbá Ọlọ́ṣẹ, ẹ gbé omi inú ike kọjá níwájú wọn.

"Omi," wọ́n á ní, wọ́n á sì yọ ọwọ́ kúrò nínú ìfóòfó. "Omi tí Ọlọ́run ń dà sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹnì kan bù ú sínú ike, ó ya òkè funfun kan sí i lára, ó ní kí n mówó wá. Kó lọ gbowó lọ́wọ́ òkè."

Kì í ṣe omi nìkan ló ń bí wọn nínú. Òdòdó tí wọ́n fi bébà wé, tí yóò ti sorí kọ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Kọfí inú ife bébà tó wọ́n ju oúnjẹ ọ̀sán lọ. Káàdì ọjọ́ ìbí: "O máa rà á, wọ́n á kà á lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí wọ́n máa jù ú sí tójú ò fi ní tì wọ́n." Àmọ́ ìnákúnàá tó ń dùn wọ́n jù ni èyí tó ń bọ́ wọn gan-an, pé ẹni tí Ọlọ́run fún ní ọwọ́ méjì yóò sanwó kí ẹlòmíì bá a fọ ṣẹ́ẹ̀tì, kó sì tún bá a lọ̀ ọ́.

"Bàbá, owó yẹn náà ni Àǹtí fi ń san owó oṣù yín," mo sọ fún wọn lọ́jọ́ kan.

"Ṣé mo ní kí wọ́n má san án ni? Kí wọ́n máa san án. Mo kàn ní wọn ò gbọ́n ni."

Àǹtí tí mo ń wí yìí, àbúrò ìyá mi ni. Àwọn ló ni ilé ìfọṣọ náà, ní igun òpópónà wa, láàárín ẹni tó ń tún aago ṣe àti ẹni tó ń ta awò ojú. Ọmọ wọn obìnrin ló ń dúró sí káńtà níwájú. Lẹ́yìn, Bàbá Ọlọ́ṣẹ ń fọ̀, èmi ń lọ̀. Kọ́tìnì búlúù kan ló pín wa níyà. Ẹ̀dínwó ni Àǹtí rà á, àkékù aṣọ ni, kò sì kan ilẹ̀, nítorí náà láti orúnkún dé ìsàlẹ̀ nìkan ni mo fi ń rí àwọn oníbàárà wa. Bí ọlọ́pàá bá ní kí n wá ṣàpèjúwe ẹnikẹ́ni nínú wọn, bàtà ni màá sọ.

Ọmọ Àǹtí yìí, Dígí là ń pè é, nítorí kò sí ohun tó ń dán tí kò ní wo ara ẹ̀ nínú ẹ̀, títí kan ẹ̀yìn ṣíbí. Ó fi ọdún díẹ̀ jù mí lọ, àmọ́ ó ti kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ pe òun ní ẹ̀gbọ́n létí ẹnikẹ́ni. "Tó o bá ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò ọjọ́ orí mi." Ó rẹwà, kò sì díbọ́n pé òun ò mọ̀.

Gbogbo ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, bàtà dúdú kan máa ń wọlé wá. Wọ́n ti kùn ún títí ó fi ń dán, àmọ́ okùn ẹsẹ̀ ọ̀tún dúdú, ti òsì pupa rẹ́súrẹ́sú. Mo ti sọ fún ara mi tipẹ́ pé ẹni tó bá ní ìyàwó nílé kò ní jáde báyìí. Ẹni tó ni bàtà náà máa ń mú ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan ṣoṣo dání. Kì í ṣe méjì láé. Ọjọ́ Ajé ló máa ń wá gbà á, tó bá sì di ọjọ́ Ẹtì, á tún gbé e dé.

Dígí sọ ọ́ ní Ọ̀gbẹ́ni Ẹyọ-Kan.

"Ẹyọ-Kan ti wá o," á wí nígbà tí ọkùnrin náà bá ti lọ, á sì ju ṣẹ́ẹ̀tì náà gba orí kọ́tìnì sọ́dọ̀ wa. "Ó tún dúró bí ẹni tó ń retí ṣéńjì, bẹ́ẹ̀ mo ti fún un ní ṣéńjì ẹ̀."

"Ìwọ ló ń wò," Bàbá á ní. "Ṣé ṣẹ́ẹ̀tì lo rò pé ó gbé wá? Ojú ló gbé wá. Owó ìwòran ló ń san."

"Kó máa wò. Ẹni tí mo máa fẹ́ náà mọ̀ pé wọ́n ń wò mí."

Ẹni tó máa fẹ́ ẹ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ìlú míì ló ń gbé, ó sì máa ń yà sọ́dọ̀ wa pẹ̀lú erùpẹ̀ ọ̀nà jíjìn lára. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè ohun tí mo rò nípa Ẹyọ-Kan. Èmi náà gbà pé Dígí ló ń wá wò. Ta ni ìbá wá wo ẹni tó wà lẹ́yìn kọ́tìnì?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan fún yín nípa iṣẹ́ wa. Aṣọ kì í pa àṣírí mọ́. Bí mo bá gbé ṣòkòtò, mo ti mọ̀ bóyá ìkúnlẹ̀ ni olówó ẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́. Akọ̀wé, ìgúnpá ẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń dán. Olùkọ́ máa ń ní ṣọ́ọ̀kì nínú àpò, oníbúrẹ́dì máa ń ní ìyẹ̀fun níbi tí wọ́n ti rán aṣọ pọ̀. Ẹni tó bá ń sunkún ní ìkọ̀kọ̀, ẹnu ọwọ́ kan náà ló fi ń nujú nígbà gbogbo.

Ṣẹ́ẹ̀tì Ẹyọ-Kan kò sọ nǹkan kan fún mi. Ọrùn ẹ̀ mọ́, abẹ́ apá ẹ̀ mọ́, àpò ẹ̀ ṣófo. Ṣe ni mo máa ń tẹ́ ẹ sórí tábìlì bí ẹni tó ń bẹ odi pé kó fọhùn. Níbo lo ti ń bọ̀? Ta lò ń bá jẹun? Ṣé ẹnikẹ́ni ti gbé orí lé èjìká yìí rí? Mo mọ bí èjìká ẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, mo mọ bí apá ẹ̀ ṣe gùn tó, nítorí ọ̀sẹ̀ gbogbo ni mò ń fi ọwọ́ wọ̀n wọ́n. N kò mọ ojú ẹ̀.

Òun ni mo máa ń lọ̀ kẹ́yìn, nígbà tí áyọ́ọ̀nù bá gbóná tí kò sì gbóná jù. Màá bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn, láti igun méjèèjì bọ̀ sí àárín, kó má bàa hun jọ. Lẹ́yìn náà èjìká, ẹnu ọwọ́, apá, ẹ̀yìn. Iwájú ló kẹ́yìn. Tí mo bá dé apá òsì, níbi tí ọkàn máa ń wà, màá gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, màá sì fi àtẹ́lẹwọ́ lé ibẹ̀ nígbà tó ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́. Báyìí náà ni àyà èèyàn máa ń rí, màá sọ fún ara mi. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Tí ẹ bá ti ka irú ìwé tí mo ti kà, ẹ̀yin náà á ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìwé ìfẹ́ ni, àwọn pẹlẹbẹ tí wọ́n máa ń ya obìnrin tí atẹ́gùn ń fẹ́ irun ẹ̀ sí lára. Ọjọ́ tí mo bá gbowó ni mo máa ń ra ọ̀kan, Àǹtí á sì gbá orí mú.

"Ìwé tó o máa kà tán kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ṣé o mọ̀ pé bàtà ẹ ti ya ẹnu?"

"Mo mọ̀, Àǹtí."

"Ṣé ọkùnrin inú ìwé yẹn ló máa ra bàtà fún ẹ?"

Àmọ́ Bàbá Ọlọ́ṣẹ, ẹni tó gbà pé wèrè ló ń ra ìwé, kì í jẹ́ kí n lọ aṣọ láìsọ ohun tó wà nínú ìwé náà fún wọn. Ariwo ẹ̀rọ ìfọṣọ sì pọ̀, nítorí náà mo ní láti gbé ohùn sókè dáadáa.

Ìtàn tó pẹ́ jù lẹ́nu mi ni ti nọ́ọ̀sì kan tí bàbá ẹ̀ fẹ́ fi fún ọlọ́rọ̀ kan ní ìlú òkèèrè. Ó wọ ọkọ̀ ojú irin. Ọkùnrin tó fẹ́ràn ẹ̀ dé nígbà tí ọkọ̀ ti ń gbéra, ó sì ń sáré tẹ̀lé fèrèsé. Nínú ìwé, ojú ewé tó tẹ̀ lé e ni ọmọbìnrin náà sọ̀ kalẹ̀, wọ́n dì mọ́ra, ó parí. N kò fẹ́ kó tètè parí bẹ́ẹ̀. Mo jẹ́ kí ọkọ̀ máa lọ. Mo fi òjò sí i. Mo fi ìyá àgbà kan sí ìjókòó ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, tó ń gbà á níyànjú tí kò bára mu.

"Ó sọ̀ àbí kò sọ̀?" Bàbá á béèrè.

"Ọkọ̀ ò tíì dúró, Bàbá."

"Ọkọ̀ wo ló ń rìn látọ̀sẹ̀ tó kọjá? Kí ló ń jẹ?"

Bàbá fúnra wọn ní ìnákúnàá kan, gbogbo wa la sì mọ̀ ọ́n. Orí wọn dán bí abọ́ tánganran, kò sí ẹyọ irun kan níbẹ̀, síbẹ̀ wọn kì í pa ọjọ́ Àbámẹ́ta kan jẹ lórí àga onígbàjámọ̀. Dígí máa ń bi wọ́n pé, "Bàbá, kí ló ń gé fún yín? Atẹ́gùn?" Wọ́n á kàn rẹ́rìn-ín, wọ́n á máa bá iṣẹ́ wọn lọ.

Lọ́jọ́ kan tó ku èmi àti Bàbá nìkan, mo ní, "Bàbá, kí ló ń mú kí èèyàn máa sanwó ohun tí kò nílò?" Ẹyọ-Kan ló wà lọ́kàn mi, kì í ṣe orí wọn, àmọ́ ibi orí wọn ni wọ́n gbà á sí.

Wọ́n fún aṣọ ìbora kan títí omi inú ẹ̀ fi tán.

"Ìyàwó mi ló máa ń fá a," wọ́n ní. "Nígbà tí irun ṣì wà. Nígbà tí irun ò sí mọ́ náà, ó ṣì ń fá a, ó ní ó ń gún òun lọ́wọ́. Irọ́ ni. Látìgbà tó ti lọ, kò sí ọwọ́ tó kan orí mi mọ́ àfi ti ọkùnrin yẹn. Á fi ìpara pa á, á fi aṣọ gbígbóná bò ó. Mo máa ń dijú." Wọ́n gbọn aṣọ náà pàà. "Àmọ́ ó wọ́n o. Olè ni ọkùnrin yẹn."

Mo padà sídìí áyọ́ọ̀nù mi.

Bàbá yìí kan náà ló tú ọ̀rọ̀ Ẹyọ-Kan síta, láìmọ̀ pé òun ń tú nǹkan kan. Ní ọjọ́ Ẹtì kan tí oòrùn mú gan-an, wọ́n fẹ́ ki ṣẹ́ẹ̀tì náà bọ omi, wọ́n bá gbé e sókè sójú fèrèsé.

"Ìyá Dígí, ẹ wá wo nǹkan," wọ́n ké sí Àǹtí. "Ẹ bá mi wá ìdọ̀tí níbí. Ìlà tí ọmọ yìí lọ̀ sí i lápá lọ́sẹ̀ tó kọjá ṣì wà níbẹ̀. Ọkùnrin yìí ò tiẹ̀ tú u palẹ̀."

Àǹtí gbà á, wọ́n wo ọrùn ẹ̀, wọ́n wo abẹ́ apá. Wọ́n yíjú sí mi. "Ìwọ lò ń lọ̀ ọ́. Ṣé ó dọ̀tí rí?"

Ẹ ní láti mọ irú ẹni tí Àǹtí jẹ́. Láti ilé dé ilé ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, ọṣẹ kan, apá méjì. Òfin kan ni wọ́n gbé wá láti ìgbà náà, tí n kò gbọ́ pé ilé ìfọṣọ míì ní: aṣọ tó bá mọ́, a kì í fọ̀ ọ́, a kì í gbowó ẹ̀. Ṣe la máa dá a padà fún oníǹkan. Owó aṣọ tó mọ́, owó olè ni, bí wọ́n ṣe máa ń wí nìyẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gba iwájú ilé ìfọṣọ mẹ́ta kọjá kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa nítorí òfin yìí.

Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo nílò. Mo lè ní ó máa ń dọ̀tí díẹ̀. Àǹtí kò ní yẹ̀ ẹ́ wò mọ́, torí wọ́n gbà mí gbọ́. Ohun tó ká mi lẹ́nu kò nìyẹn: wọ́n gbà mí gbọ́.

"Kò dọ̀tí rí, Àǹtí."

"Ó tán. Dígí, tó bá dé, dá a padà fún un, kó o sì dá owó ẹ̀ padà. Sọ ọ́ jẹ́jẹ́ o. Tí ọmọ ọlọ́mọ bá ń fi owó ṣòfò, kì í ṣe àwa ló máa bá a na án."

Ní ọjọ́ Ajé, mo rí bàtà náà tó wọlé. Bàbá ti gun òkè ilé lọ sá aṣọ, nítorí náà èmi nìkan ni mo wà lẹ́yìn, n kò sì ní ẹni tí mò ń sọ ìtàn fún. Mo dúró láìmì, áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́.

"Ẹ má bínú o," Dígí ń wí, "ṣẹ́ẹ̀tì yín mọ́. Owó yín rèé. Aṣọ tó mọ́, a kì í fọ̀ ọ́ níbí."

"Ó mọ́?"

"Ó mọ́ tónítóní. Ẹ ṣì lè wọ̀ ọ́ dáadáa."

Bàtà náà kò kúrò lójú kan. Iwájú ẹ̀ kọjú sọ́dọ̀ mi, sọ́dọ̀ kọ́tìnì. Ó sọ nǹkan kan ní ohùn ìsàlẹ̀, àmọ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí kíkankíkan nígbà náà, n kò gbọ́ nǹkan kan. Bàtà náà yí padà. Ilẹ̀kùn sì padé.

Ìgbà tá à ń jẹun ọ̀sán ni Dígí tó rántí.

"Ẹyọ-Kan yẹn, orí ẹ̀ ò pé o," ó ní, ẹ̀rín ti ń pa á. "Mo dá ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀ padà fún un, ẹ gbọ́ ohun tó bi mí. Ó ní, 'Ẹ jọ̀ọ́, nọ́ọ̀sì yẹn, ṣé ó padà sọ̀ kalẹ̀?' Mo ní nọ́ọ̀sì wo? Sọ̀ kalẹ̀ níbo? Ó ní kò burú. Ló bá lọ."

Búrẹ́dì tó wà lẹ́nu mi di òwú. Bàbá Ọlọ́ṣẹ gbé ife tíì wọn sílẹ̀, wọ́n wò mí, wọ́n wo kọ́tìnì, wọ́n tún wò mí.

"Ojú kọ́ ló gbé wá," wọ́n sọ fún Dígí. "Etí ni."

"Etí wo, Bàbá?"

"Jẹun ẹ."

Ọ̀sẹ̀ lọ, ọ̀sẹ̀ bọ̀. N kò mọ̀ pé ọjọ́ Ẹtì lè gùn tó bẹ́ẹ̀. Bàtà oríṣiríṣi ń wọlé, pupa, búráùn, èyí tó ga, èyí tó ti jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ń kà wọ́n lójú bí ẹni tó ń wá ojú kan ní ibùdókọ̀. Mo ń gbé ohùn sókè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo sọ òjò inú ọkọ̀ ojú irin yẹn títí ọ̀fun mi fi ń dùn mí, bóyá ẹni tó ń kọjá lójú ọ̀nà á gbọ́. Tí mo bá ń lọ sílé, ilẹ̀ ni mò ń wò, mò ń wá okùn bàtà pupa rẹ́súrẹ́sú láàárín ẹsẹ̀ gbogbo ayé, títí mo fi forí sọ ẹni tó ń tún aago ṣe láyà. Àǹtí rò pé owó ló bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé mo ti mọ̀ ọ́n báyìí, mo sì ti sọ ọ́ nù. Nígbà tí mo rò pé Dígí ló ń wá wò, ìrora mi mọ níwọ̀n. Ohun tí kì í ṣe tèmi ni mò ń wò lókèèrè. Àmọ́ kí èèyàn gbọ́ pé ìwọ ni wọ́n ń wá, kó jẹ́ pé ẹ̀yìn tí wọ́n ti lọ lo tó gbọ́! Gbogbo ìgbà tó fi dúró bí ẹni tó ń retí ṣéńjì, èmi ló ń retí. Ó ń sanwó ìfọṣọ kó lè gbọ́ bí òjò ṣe ń rọ̀ sórí ọkọ̀ tí kò sí. Mo sì wà níbẹ̀, ó ku aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan láàárín wa, tí Àǹtí rà ní ẹ̀dínwó.

Bàbá kò bi mí mọ́ bóyá nọ́ọ̀sì náà sọ̀ tàbí kò sọ̀. Lọ́jọ́ kan wọ́n kàn sọ láìgbójú sókè pé, "Ẹnu mi yìí. Kí ló kàn mí kan owó ẹlòmíì?"

"Kò burú, Bàbá."

"Ó burú. Má tù mí nínú."

Ní àsìkò òjò, Dígí ṣègbéyàwó, ó bá awakọ̀ ẹ̀ lọ sí ìlú tí ìyẹn ń gbé. Ó mú gbogbo dígí ọwọ́ ẹ̀ lọ, ó fi èyí tó wà lára ògiri sílẹ̀ fún wa torí pé wọ́n fi ìṣó kàn án. Àǹtí ní, "Ìwọ lo kù. Gbé ìwé ẹ pamọ́, kó o bọ́ síwájú." Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ará káńtà. Àárọ̀ ni mo wá ń lọ aṣọ, kí a tó ṣílẹ̀kùn, nígbà tí Bàbá kò tíì dé. Lọ́sàn-án, ẹ̀yìn dákẹ́.

Káńtà kò sì rọrùn fún mi. Mo wá ń rí ojú, n kò rí bàtà mọ́. Obìnrin kan wọlé, mo ní, "Ẹ káàbọ̀ mà, ó jọ pé ẹ ò wá síbí rí." Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń wá, látìgbà tí kọ́tìnì yẹn ṣì tuntun. Mo ní láti nà lórí káńtà, mo wo ẹsẹ̀ ẹ̀. "Áà," mo ní, "ẹ̀yin ni." Ó wo ẹsẹ̀ ara ẹ̀, ó wò mí.

Ọ̀sán kan báyìí, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ẹnì kan tẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì sórí káńtà níwájú mi.

Ṣẹ́ẹ̀tì ni mo kọ́kọ́ wò. Bí a ṣe kọ́ mi nìyẹn. Ó ti bàjẹ́ kọjá ohun tí ẹnu lè sọ. Gírísì wà lọ́rùn ẹ̀, ìyẹ̀fun wà léjìká ẹ̀, kọfí ti ṣàn gba àyà ẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Mo gbìyànjú láti kà á bí mo ṣe ń ka gbogbo aṣọ, kò ṣeé kà. Ẹni tó ń tún ọkọ̀ ṣe kì í ní ìyẹ̀fun léjìká. Oníbúrẹ́dì kì í ní gírísì lọ́rùn. Mo yí i padà. Ní àárín ẹ̀yìn ẹ̀ gan-an, àmì bàtà kan wà níbẹ̀ láti àtàǹpàkò dé gìgísẹ̀. Ẹnì kan tẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì yìí sílẹ̀, ó sì dìde dúró lé e lórí.

Mo fi ọwọ́ wọn èjìká ẹ̀ láìmọ̀ pé mò ń wọ̀n ọ́n. Èjìká yẹn, mo mọ̀ ọ́n.

Mo gbójú sókè. Kò jọ àwọn ti ẹ̀yìn ìwé. Imú ẹ̀ tóbi díẹ̀, ó fá irùngbọ̀n kò fá a tán, òjò ti pa á díẹ̀. Mo ti bẹ̀rù tẹ́lẹ̀ pé bí mo bá rí ojú ẹ̀ lọ́jọ́ kan, ìfẹ́ inú mi á tutù. Kò tutù.

"Ẹ kúuṣẹ́," ó ní. "Ó dọ̀tí lọ́tẹ̀ yìí." Ó sọ ọ́ bí ọmọdé tó gbé èsì ìdánwò tó dáa wálé.

Ẹ bá mi gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Èmi tí mo fi ẹnu wa ọkọ̀ ojú irin láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọ ìgbà òjò, ahọ́n mi lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu. Mo mi orí. Mo so nọ́ńbà mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì náà, mo so ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó sanwó. Mo fún un ní ṣéńjì láìwo ojú ẹ̀.

Kò lọ. Ó ń wo ẹ̀yìn mi, ó ń wo kọ́tìnì. Ó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀, bí ẹni tó gbọ́ pé wọ́n ń pe òun láti yàrá kejì. Mo wà níwájú ẹ̀, ó lè na ọwọ́ kàn mí, àmọ́ ó ń fi etí wá mi lẹ́yìn mi. Omi ń kán níbẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì Bàbá Ọlọ́ṣẹ ń lọ, ó ń bọ̀ lára nǹkan kan. Kò sí ohùn.

"Ibí ti dákẹ́ o," ó ní.

Mo tún mi orí. Orí nìkan! Mo rí i bí ìrètí ṣe ń kúrò lójú ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ooru ṣe ń kúrò lára áyọ́ọ̀nù tí wọ́n yọ iná ẹ̀. Ó fi ṣéńjì sápò. Ó ní ó dàbọ̀. Ó yí ẹ̀yìn sí mi, ó sì forí lé ilẹ̀kùn. Mo mọ̀ dájú pé tó bá jáde báyìí, ṣe ló máa wá gba ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀ lọ́jọ́ Ajé bíi ti gbogbo èèyàn, kò sì ní sí ìdí kankan fún un láti tún ba òmíràn jẹ́.

Ọwọ́ ẹ̀ ti wà lára ilẹ̀kùn.

Mo wá ọ̀rọ̀ inú ìwé gbogbo, n kò rí ẹyọ kan mú.

"Ẹsẹ̀ ta lẹ fi tẹ̀ ẹ́?" mo ní.

Ó dúró. Ẹ̀yìn ẹ̀ ni mò ń wò, èjìká méjèèjì tí mo ti ń lọ̀ láti ìgbà yìí wá, wọ́n gòkè, wọ́n sì sọ̀.

"Tèmi ni," ó ní, kò tíì yíjú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún sọ̀rọ̀."

Lẹ́yìn kọ́tìnì, búrọ́ọ̀ṣì Bàbá dákẹ́.

"Ẹ ò bá má tẹ̀ ẹ́ lágbára tó bẹ́ẹ̀," mo ní. "Gírísì yìí máa pẹ́ kó tó kúrò. Ó máa gbà tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ máa ní láti máa wá wò ó."

Ó yíjú padà. Kò wo kọ́tìnì.